Fúláwà Lórí Òṣùwọ̀n Ọmọ Tuntun

Ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ tẹ kọ́ọ̀pù Ìyá Oníkéèkì pẹlẹbẹ sójú títì, kọ́ọ̀pù yẹn ni obìnrin náà kọ́kọ́ sunkún lé lórí kó tó rántí pé ọwọ́ òun ti kán.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé wọn kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń gbà. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ilé ìdáná wà, níbi tí Ìyá Oníkéèkì ti ń ṣe kéèkì táwọn arìnrìn-àjò máa ń rà kí wọ́n tó wọkọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó gbé abọ́ ńlá mọ́ àyà, ó ki ìka kan bọ inú kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ní kóun sáré lọ bu fúláwà. Ẹsẹ̀ yọ̀. Abọ́ gba ibí, òun alára gba ọ̀hún, kọ́ọ̀pù sì fò kọjá ọgbà bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò. Kò tíì balẹ̀ dáadáa tí ọkọ̀ akólẹ̀ fi dé. Gbàgà! Táyà iwájú tẹ̀ ẹ́, tẹ̀yìn náà tún tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ní ìjà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré jáde. Bàbá Lọ́rì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé lọ́rì ló wà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù títí irùngbọ̀n náà fi funfun, kó tó wá fẹ̀yìn tì sílé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ síbi tí ọrùn ọwọ́ kì í tẹ̀ sí.

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Kọ́ọ̀pù mi," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kọ́ọ̀pù mi."

Ó yọjú sí títì, ó wò ó, ó sì mirí bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀. "Ó ti lọ."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Oníkéèkì bú sẹ́kún.

Kọ́ọ̀pù náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kọ́ọ̀pù irin ni, ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ti bó káàkiri, etí tí wọ́n fi ń gbá a mú sì ti ṣí dànù láti ayébáyé. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ kéèkì ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Látìgbà náà, kọ́ọ̀pù yẹn lòfin, òun ladájọ́. Fúláwà kọ́ọ̀pù mẹ́rin, ṣúgà méjì, òróró ọ̀kan, wàrà ọ̀kan, ẹyin mẹ́fà, ó tán. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé báwo ni kọ́ọ̀pù ọ̀hún ṣe tóbi tó. Ta ni í bèèrè bí ìka òun ṣe gùn tó? Bàbá Lọ́rì a tilẹ̀ máa dápàárá pé òun ni ọkọ kejì nínú ilé yẹn, torí kọ́ọ̀pù ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà kóun tó wá tọrọ rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n to egungun, wọ́n fi ohun funfun kan tó le bíi símẹ́ńtì dì í láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ náà gbé ohunkóhun, àní ṣíbí. Ìyá Oníkéèkì darí wálé, ó jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó gbé ọwọ́ funfun náà lé ìrọ̀rí, ó ń wò ó bí àlejò tí kò pè.

Ibẹ̀ ni Ìyá Kántíìnì bá a. Obìnrin yìí ló ń bójú tó ilé oúnjẹ inú ibùdókọ̀, òun ló sì máa ń gba kéèkì lọ́wọ́ rẹ̀ láti tà. Ó kí wọn, ó bá wọn kẹ́dùn, ó kí kọ́ọ̀pù náà kú ìrìn àjò, ó wá fọwọ́ pa ìdí aṣọ rẹ̀ ró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́," ó ní. "Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀gá ibùdókọ̀ ń fẹ̀yìn tì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti fohùn ṣọ̀kan pé kéèkì yín ni wọ́n máa gé. Ṣé kí n wá ẹlòmíràn ni?"

Ìyá Oníkéèkì la ẹnu láti ní kó wá ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Wá ẹlòmíràn kẹ̀? Èmi ńkọ́?"

Ìyá Kántíìnì wò ó láti orí dé àtàǹpàkò. "Ẹ̀yin, bàbá?"

"Èmi ni! Ẹni tó wa lọ́rì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá gorí òkè nínú kùrukùru, tó tún wà á sọ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kan igi kan, ṣé kéèkì ló máa wá gbé e ṣubú?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tó ti ṣubú. Bàbá Lọ́rì rí ẹ̀rín náà, ó sì mọ̀ pé òun ti kó sí i, kò sọ́nà àbáyọ mọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọkùnrin yìí ò dáná rí ju kó se omi tíì lọ, bó bá sì ti se tíì ọ̀hún, ìyàwó rẹ̀ ní í padà lọ pa iná.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oògùn ìrora ti gbé ìyàwó rẹ̀ sùn, ó dìde sí iṣẹ́. Ó to gbogbo kọ́ọ̀pù ilé sórí tábìlì. Kò sí méjì tó dọ́gba nínú wọn: kọ́ọ̀pù tíì wà níbẹ̀, kọ́ọ̀pù ike, gíláàsì, àti kọ́ọ̀pù gàgàrà kan tí wọ́n fi ta ọmọ wọn lọ́rẹ níléèwé. Ó rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ìyàwó òun kì í ṣahun, nítorí náà, kọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè jẹ́ kékeré. Ó mú gàgàrà. Nígbà tó wọn fúláwà àti wàrà tán, gàgàrà ti tutù, ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ ọn, ló bá fi kọ́ọ̀pù tíì wọn ṣúgà. Òróró tí ì bá tún dọ̀tí bá kọ́ọ̀pù tíì, gíláàsì ló fi wọ̀n ọ́n.

Kéèkì tó jáde láti inú ààrò yẹn, etí rẹ̀ jóná, àárín rẹ̀ jìn bíi kòtò ojú ọ̀nà, omi sì ń yọ nínú kòtò náà.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló lọ sójú títì, ó ṣa òkú kọ́ọ̀pù náà, ó gbé e tọ Ajórin lọ. Aládùúgbò wọn tó ń jó irin pọ̀ ni Ajórin, ọkùnrin sísanra kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ibi tí ara rẹ̀ ò tíì dé. Ó gbé kọ́ọ̀pù náà sórí irin, ó fi òòlù lù ú síwá sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe tán, ohun tó jáde dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n bu omi sí i, omi gba ìdí rẹ̀ jáde tìdẹ̀ratìdẹ̀ra.

"Bàbá," ni Ajórin wí, "mo lè jó o fún yín, ṣùgbọ́n kò lè rántí bó ṣe tóbi tó mọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ wọn agbẹ̀bí yà láti kí ìyá rẹ̀. Imú rẹ̀ ló mú un dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣí aṣọ, ó wo kòtò, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàámi, kí lẹ fi wọn nǹkan?"

"Kọ́ọ̀pù ni."

"Kọ́ọ̀pù wo?"

Nígbà tí bàbá náà nawọ́ sí gbogbo àgbájọ orí tábìlì, ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ fi kọ́ọ̀pù sílẹ̀, Bàámi. Kọ́ọ̀pù tilé yìí kì í jọ tilé kejì. Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n. Gíráàmù ò yí padà láti ilé dé ilé."

"Níbo ni ká ti rí òṣùwọ̀n?"

Lójú ẹsẹ̀, ọmọ ronú kan ohun kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé e dé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ìkókó nílé ìwòsàn ni. Wọ́n ti ra oníná tuntun, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ògbólógbòó yìí máa gbé e lọ. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, orí rẹ̀ jìn díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, níbi tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí, ọ̀pá kan sì wà níwájú tí ègé irin ń rìn lórí rẹ̀ tí yóò fi dúró síbi tí ìwọ̀n bá ti pé.

Ìyá Oníkéèkì rí i tí wọ́n gbé e wọlé. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ fi ń ṣe? Ṣé èmi ni wọ́n ní mo fẹ́ bímọ ni?"

"Kéèkì ni à ń retí, Màámi," ni ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ bá wa ṣàdúrà kó wọ̀n dáadáa." Ó fẹnu ko ìyá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá rú Bàbá Lọ́rì lójú. Òṣùwọ̀n dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀pù ni gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ kọ́ọ̀pù di gíráàmù nígbà tí kọ́ọ̀pù ti kú? Ó lọ dúró lẹ́bàá àga ìyàwó rẹ̀ tí oorun ti fẹ́ máa gbé.

"Ìyàwó mi, báwo ni kọ́ọ̀pù rẹ ṣe tóbi tó gan-an?"

"Ó tó kọ́ọ̀pù kan," ni obìnrin náà wí pẹ̀lú ojú dídì.

"Mo mọ̀. Mo ní, kí ló ń gbà?"

Ó ronú. "Ìgò òróró lítà kan máa ń kún un nígbà mẹ́rin géérégé." Bó ṣe sọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Inú Bàbá Lọ́rì dùn débi pé ó fò díẹ̀. Èwo ló tún ṣòro níbẹ̀? Ó ti gbé omi rí nínú ọkọ̀, ó sì mọ̀ pé lítà omi kan, kílò kan ni. Kílò kan, ẹgbẹ̀rún gíráàmù. Pín in sọ́nà mẹ́rin: àádọ́ta-lé-nígba. Ó ti parí! Kọ́ọ̀pù kan, igba gíráàmù ó lé àádọ́ta. Ó ń fi súfèé kọrin wọ ilé ìdáná.

Fúláwà kọ́ọ̀pù mẹ́rin, ó wọn kílò kan gbáko. Ó tẹ́ ẹ sórí òṣùwọ̀n ọmọ, ó ń rọra ti ègé irin lórí ọ̀pá, ó yọ ahọ́n síta bí ọmọ ilé-ìwé. Ṣúgà kọ́ọ̀pù méjì, ààbọ̀ kílò. Ó da òróró, ó da wàrà, ó fọ́ ẹyin mẹ́fà, ó ṣa èèpo ẹyin jáde, ó wá ki ṣíbí igi bọ̀ ọ́, ó ní kóun rò ó. Ṣíbí kò yí. Ó yọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ṣíbí dúró láàárín abọ́ ṣánṣán bí ọlọ́pàá oríta.

Ó yọjú sí ojú fèrèsé. "Ajórin! Jọ̀ọ́, wá bá mi yí nǹkan."

Ajórin dé pẹ̀lú apá rẹ̀ méjèèjì, ó rò ó títí òógùn fi bò ó. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kéèkì ni, àbí ẹ fẹ́ rẹ́ ògiri?"

"Kéèkì tó nípọn ni," ni Bàbá Lọ́rì dáhùn. "Òṣùwọ̀n ò lè purọ́."

Wọ́n tì í sínú ààrò. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, kò wú, kò jìn, kò sì jóná. Bó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde, àfi pé ó ti gan. Ajórin fi ìka kàn án: kó, kó, kó.

Láti inú yàrá, ohùn Ìyá Oníkéèkì jáde pẹ̀lú oorun nínú rẹ̀. "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ta ló ń kànkùn?"

"Kéèkì ni," ni Ajórin wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà gbé ọwọ́ funfun rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo ohun tó wà lórí tábìlì. Ó wo ọkọ rẹ̀ tí fúláwà ti sọ irun ojú rẹ̀ di ti arúgbó ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò pariwo. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ní kó ṣàlàyé fóun, ọkùnrin náà sì ṣàlàyé láti orí ìgò òróró dé orí àádọ́ta-lé-nígba.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè kan. Nígbà tẹ́ ẹ ń wakọ̀, tẹ́ ẹ bá di òwú kún lọ́rì yín dé ẹnu, tẹ́ ẹ wá dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀, kí ni wọ́n máa ń sọ fún yín?"

"Òwú?" Bàbá Lọ́rì rẹ́rìn-ín. "Òwú ò wọn nǹkan kan. Wọ́n kàn máa ń juwọ́ sí mi ni pé kí n máa lọ."

"Tẹ́ ẹ bá wá bu iyanrìn kún un dé ẹnu ńkọ́?"

"Ha! Ta ni í dán an wò? Wọ́n á já mi bọ́ sílẹ̀. Ká tó dé ibẹ̀ pàápàá, táyà á ti..."

"Ṣé lọ́rì kan náà ni, ọkọ mi?"

"Lọ́rì kan náà ni."

"Ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀ sí i, kò sì sún kì?"

"Kò sún kì."

"Ó dáa. Fúláwà lòwú yín o. Ṣúgà ni iyanrìn."

Bàbá Lọ́rì gbá itan rẹ̀, erùpẹ̀ fúláwà sọ bí èéfín. Ìtìjú mú un, ẹ̀rín sì tún gbé e, ó wá di pé òun àti Ajórin di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Gbogbo ìtàn ẹrù tó ti ń sọ fún obìnrin yìí lórí oúnjẹ alẹ́ láti ọdún pípẹ́, tó rò pé ṣe ló máa ń sùn lọ! Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ní tọkọtaya. Ajórin ti padà sídìí irin rẹ̀.

"Àpò fúláwà kékeré yẹn, oní-kílò méjì," ọkọ bèèrè, "kọ́ọ̀pù mélòó lo máa ń rí nínú rẹ̀?"

Ìyá Oníkéèkì di ojú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu nǹkan tí kò sí nínú afẹ́fẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. "Mẹ́rìndínlógún," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ ni o, tí mi ò sì mì í. Tí ẹ bá mì í, ó máa kì, á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹgbẹ̀wá gíráàmù, pín in sọ́nà mẹ́rìndínlógún. Ó ṣe é lórí ìka, ó ṣe é lórí orí, ó tún un ṣe. Márùndínláàádóje. Ìlàjì ohun tó fi rò ó tẹ́lẹ̀ nìyẹn! Abájọ tí ṣíbí fi dúró bí ọlọ́pàá. Ṣúgà wá kàn: páálí kílò kan, kọ́ọ̀pù márùn-ún. Igba gíráàmù nìyẹn, iyanrìn lóòótọ́. Nígbà tó kan òróró, Ìyá Oníkéèkì ní kó má fi ti omi ṣe é, kó wọn òróró gan-an. Ó da lítà kan sínú abọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ wọn lófìfo, kò pé kílò. Pín in sí mẹ́rin, igba ó lé ọgbọ̀n.

"Ó fúyẹ́ ju omi lọ," ni Bàbá Lọ́rì wí tìyanu-tìyanu.

"Kí lẹ rò pé ó ń wá lórí omi ọbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Nínú gbogbo wọn, wàrà nìkan ló sún mọ́ àádọ́ta-lé-nígba tó fi gbogbo ẹnu yangàn, èyí sì tù ú nínú díẹ̀. Páúdà tó ń mú kéèkì wú àti iyọ̀, nígbà tí wọ́n bu wọ́n sórí òṣùwọ̀n, ègé irin ò tiẹ̀ mira. Ọmọ tí òṣùwọ̀n náà mọ̀, kò sí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ṣíbí tíì.

Kó má baà gbàgbé, ó sọ ìṣirò náà di orin, ó ń kọ ọ́ yí tábìlì po: "Fúláwà, márùndínláàádóje, ṣúgà, igba, òróró, igba ó lé ọgbọ̀n..." Ó ti kọ ọ́ dé ibì kan kó tó ṣàkíyèsí pé òun nìkan ló ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ ń wo àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. "Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn? Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge, ìṣirò mẹ́ta péré? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òṣùwọ̀n wá lè ṣe kéèkì mi nìyẹn."

Awakọ̀ tó gbọ́n mọ ìgbà tí a kì í fọn fèrè. Bàbá Lọ́rì lọ gbé kéèkì tó le bíi bíríkì náà, ó gbé e sí i nítan.

"Ẹnikẹ́ni yẹn nìyí," ó ní. "Èmi ni. Mo ní òṣùwọ̀n nígbà tí mo ṣe é."

Obìnrin náà wo bíríkì tó wà nítan rẹ̀. Ó fi ìka kàn án: kó, kó. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Ẹ gbé e kúrò níbí kó má bàa tún kán ẹsẹ̀ mi."

Sátidé dé. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn méjèèjì sì ti dúró sẹ́nu iṣẹ́. Kéèkì náà yóò jẹ́ mẹ́ta tí wọn yóò tò lérí ara wọn, nítorí náà gbogbo nǹkan di ìlọ́po mẹ́ta. Láyé kọ́ọ̀pù, Ìyá Oníkéèkì ì bá ti máa kà á, ká tó dé àárín, ẹnì kan á kí i láti òde, á sì gbàgbé iye tó kà dé. Lónìí, kílò kan ààbọ̀ fúláwà lọ sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Lọ́rì gbọn ọ́n sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ti ègé irin, ó dúró, ó gbàfẹ́fẹ́.

"Ọmọ yìí mà fúyẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ yára fún un lọ́yàn."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Kó po ṣúgà mọ́ òróró kó tó fọ́ ẹyin. Kó máa sọ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má dà wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń dalẹ̀ nù. "Ẹ rọra! Kì í ṣe jíà lẹ̀ ń já." Nígbà tí fúláwà wọlé, ó ní kó rò ó díẹ̀ péré, kó fi í sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá rò jù, yóò máa fà bíi rọ́bà. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ òsì, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó gbé ìka náà sókè, ó ń wo bó ṣe ń kán.

"Fúláwà yìí gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi wàrà díẹ̀ sí i."

"Gíráàmù mélòó?"

"Ẹ máa dà á. Màá sọ fún yín."

Ìyẹn, ó yé Bàbá Lọ́rì yékéyéké. Mélòó ni ìgbà tó ti fi ẹ̀yìn wa lọ́rì wọ inú ọgbà tóóró, tí kò rí nǹkan kan, àfi ohùn ẹni tó dúró lẹ́yìn? Ó tẹ abọ́ wàrà, ó tẹ́tí.

"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí, ojú rẹ̀ ò kúrò nínú abọ́. "Ó ń bọ̀, díẹ̀ sí i... Dúró!"

Ó dúró.

Nígbà tó yá, òórùn rẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ kún ilé ìdáná, ó kún yàrá, ó wá fo ọgbà bọ́ sí títì. Ajórin dé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó lóun wá wò ó bóyá wọ́n tún nílò ẹni tó lágbára. Bàbá Lọ́rì kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó yọjú sínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wú, orí wọn dán, àwọ̀ wọn dà bí oyin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀, bó ṣe kúnlẹ̀ náà nìyẹn.

Ní ọ̀sán, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ, ọkọ̀ ojú irin kan ń mí hẹlẹ-hẹlẹ níta. Ọ̀gá ibùdókọ̀, ọkùnrin gíga kan tí fìlà iṣẹ́ kì í kúrò lórí rẹ̀, ṣí fìlà lọ́jọ́ yẹn, ó gé kéèkì, ó sì fi èyí tó kọ́kọ́ gé sẹ́nu. Ó di ojú. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Oníkéèkì," ó ní, "mo ti ń jẹ kéèkì yín ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ti òní yìí tún yàtọ̀. Ó dà bíi pé ó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ."

Inú Bàbá Lọ́rì dùn, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èyí tó yẹ kó hàn lójú nínú méjèèjì, ló bá ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Kántíìnì di àwo mú gírígírí. Ìyá Oníkéèkì wo ọ̀gá ibùdókọ̀. Ó wo kéèkì. Ó yíjú, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi ló ṣe é," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. "Èmi kàn jókòó tì í ni."

Gbọ̀ngàn náà bú sí àtẹ́wọ́. Bàbá Lọ́rì ti gbọ́ oríṣiríṣi nǹkan rí látẹnu èèyàn nínú iṣẹ́ ọkọ̀: èpè, fèrè, àti "ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?" Àtẹ́wọ́ ni kò tíì gbọ́ rí. Omi gbà á lójú, ó ní erùpẹ̀ ló kó sí i.

Nígbà tí wọ́n ń rìn bọ̀ wálé, wọ́n kọjá oríta, ìyàwó rẹ̀ sì yíjú sí i.

"Ó dùn ju tèmi lọ," ó wá ní. "Ọ̀gá ibùdókọ̀ yẹn! Èéfín ọkọ̀ ti ba ahọ́n rẹ̀ jẹ́. Inú mi dùn pé ó ń fẹ̀yìn tì."

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí kánkán.

"Irọ́ lẹ̀ ń pa." Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ lápá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó ṣe, wọ́n gé ohun funfun náà kúrò. Ọwọ́ tó jáde nínú rẹ̀ rù, ó sì rọ, kò lè gbé abọ́ ńlá fúngbà díẹ̀. Wọn ò bá ara wọn jókòó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó pín iṣẹ́ fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n Bàbá Lọ́rì kò kúrò nílé ìdáná mọ́. Ìyá Kántíìnì ń béèrè kéèkì púpọ̀ sí i, torí pé gbogbo rẹ̀ ń rí bákan náà lójoojúmọ́, àwọn oníbàárà ò sì jà mọ́ lórí èyí tó tóbi jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti yọ, ọkùnrin náà ti wọn gbogbo nǹkan sílẹ̀, kò rí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tí àkùkọ kì í jí ṣáájú rẹ̀ látìgbà tó ti gbé e níyàwó! Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn yàrá.

"Ìyá wa, ṣé kò sí? Fúláwà ti wà nílẹ̀ o."

Ìyá Oníkéèkì yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó fa aṣọ bo èjìká. "Mo gbọ́ yín látàárọ̀ tẹ́ ẹ ti ń kọrin burúkú yẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ n sùn díẹ̀ sí i."

Bàbá Lọ́rì rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì padà lọ fọ́ ẹyin.